Ẹ̀yìn Sípíkà Ni Wọ́n Fi Mí Sí

"Síkírá, wàá ta gìtá lónìí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò ní rí ẹ."

Bí ọ̀gá mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ní gbàgede òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Bọ̀dá Rẹ̀mí, tó ni ẹgbẹ́ olórin wa, fẹ́ràn kó máa pa wá lẹ́rìn-ín kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń fa okùn gìtá mi lọ kí ohùn rẹ̀ lè bára mu. Ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí i pé ilẹ̀ ló ń wò, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

"Kí lẹ wí, Bọ̀dá?"

"Ẹ̀yìn sípíkà ńlá yẹn lo máa jókòó sí. Dàpọ̀ ló máa dúró síwájú, á gbé gìtá kejì kọ́rùn. Kò ní sí wáyà nídìí tirẹ̀."

"Dàpọ̀ wo? Dàpọ̀ tó ń bá wa gbé ẹrù?"

"Ó rẹwà," ni Bọ̀dá Rẹ̀mí sọ.

Ẹ gbà mí o! Ó rẹwà! Ọkùnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn gìtá àti okùn ìsáṣọ, òun ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé máa pàtẹ́wọ́ fún, kí ọwọ́ tèmi máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn bí ọwọ́ olè. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ìka mi ti le, ṣùgbọ́n wàláì, bí mo bá ti rántí ọjọ́ yẹn, mo ṣì máa ń bínú. Àwọn kan ní kí n gbàgbé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó pẹ́ kò sọ pé kó má dunni mọ́, nítorí náà màá sọ ọ́.

Ọmọ Amúwo ni mí, ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi gba ayálégbé kan láti Abẹ́òkúta, káfíńtà ni. Bó bá ti kúrò nídìí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á wẹ̀, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á sì gbé gìtá lé itan. Èmi á lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fún mi ní gìtá yẹn, mo tẹ okùn rẹ̀ tagbáratagbára, gbogbo ìka mi sì bó.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o bá gìtá jà ni?" ó bi mí. "Rọra. Ọ̀rọ̀ lo fẹ́ bá a sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Nínú ẹgbẹ́ olórin bíi tiwa, onígìtá kò mọ sí ẹnì kan. Ọ̀kan á máa bá ìlù rìn, ọ̀kan á máa dún nísàlẹ̀, èyí tí a ń pè ní lídì ló ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní ó ń sọ̀rọ̀, n ò purọ́. Èdè wa ní ohùn òkè, ó ní ti àárín, ó ní ti ìsàlẹ̀, okùn gìtá sì ní gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọwọ́ rẹ̀ á fi gìtá pe orúkọ rẹ, wàá sì dáhùn kí o tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu èèyàn ló pè ọ́.

Àṣà wà nídìí rẹ̀. Bí ẹni iyì bá wọlé sáàárín eré, lídì ló máa kọ́kọ́ kí i kí olórin tó ya ẹnu. Onígìtá á kọjú sí i, á tẹ ọrùn gìtá sílẹ̀ fún un bí ẹni tó ń kúnlẹ̀, á sì ta oríkì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kí á dìde, á jó díẹ̀, á tún jókòó. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ jó sí i. Oríkì onítọ̀hún ni, kì í ṣe ijó gbogbo mùtúmùwà.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ ò rí ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀. Bí a bá dé ibi eré, wọ́n á bi Bọ̀dá Rẹ̀mí pé, "Ìyàwó yín ni?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní kí n wá máa gbe orin. Èmi tí ohùn mi burú tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ilé wa máa ń dìde kúrò nítòsí bí mo bá ń kọrin nídìí àwo! Ọkùnrin kan tiẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn eré kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ta lídì yẹn gan-an? Mo fẹ́ kí i." Gìtá ṣì wà lọ́rùn mi o, wáyà ṣì wà nídìí rẹ̀. Mo ní kó lọ bi ògiri tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó le jù nínú gbogbo wọn, ilé wa ló wà. Ìyá mi ni. Opó ni, ó ń ta síméńtì àti irin ìkọ́lé ní Amúwo, kò sì fẹ́ gbọ́ gìtá sétí rárá.

"Ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe alágbe," ló máa ń wí. "Kí lo ń wá lójú agbo tí wọ́n ti ń ki èèyàn? Àwa ni wọ́n ń kì."

Mo ṣàlàyé títí, ó rẹ̀ mí. Nígbà tó di pé ara rẹ̀ ò le tó ti tẹ́lẹ̀, ó pè mí jókòó, ó ní ìsọ̀ òun ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì í. Mo ní kò burú. Mo ní, "Màámi, ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ wá fojú ara yín rí ipò tí mo wà láàárín àwọn olórin. Bí ẹ bá wò ó tán, tí ẹ ní agbe ni mò ń ṣe, màá gbé gìtá sílẹ̀, màá wá jókòó ti ìsọ̀ yín, n ò sì ní jiyàn mọ́ láéláé."

Ó ní kí n fi Kùránì búra. Mo búra. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lòun máa wá.

Ṣé ẹ ti wá mọ ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ? Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bọ̀dá Rẹ̀mí ń wolẹ̀ níwájú mi, tó ń sọ pé Dàpọ̀ rẹwà.

Mo bi í pé ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ka sí ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo wa ń pè ní Alága. Mo gbé gìtá mi dání, mo lọ bá a níbi tó ti ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa to àga.

"Alága, ẹ káàsán o. Kí ni mo ṣe fún yín, ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni yìí?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn oníkámẹ́rà ń bọ̀ wá ya fídíò ibí yìí lónìí. Obìnrin tó ti dàgbà, tó wé gèlè, tó gbé gìtá kọ́rùn, kò bójú mu. Wọ́n á rò pé a ò rí ọkùnrin ni."

"Ṣùgbọ́n èmi náà ni wọ́n máa gbọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni. Kí ló wá kù tí ẹ tún ń wá?"

Ẹ gbọ́ o! Kí ló wá kù! Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí bí mo bá tún sọ̀rọ̀, igbe ni màá fi bọnu. Mo fẹ́ di gìtá mi, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti wà lọ́nà, kò ní fóònù. Bí mo bá lọ, á bá àyè mi lófo. Bí mo bá dúró, kò ní rí mi, á sì ní ó dára, àwọn alágbe pàápàá ò jẹ́ kí o dúró láàárín wọn. Ọ̀nà méjèèjì, ìsọ̀ síméńtì ló gbé mi lọ. Mo rò ó títí, mo ní, bí ojú rẹ̀ ò bá rí mi, kí etí rẹ̀ ó gbọ́ mi. Mo lọ sẹ́yìn sípíkà.

Kíréètì mínírà ni wọ́n fún mi jókòó lé. Jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí mi lẹ́yìn, sípíkà ń mi àyà mi níwájú, òógùn sì ń ṣàn wọ ojú mi. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ibẹ̀ ni mo ti ń yọjú wo ìta. Mo rí ẹ̀yìn Dàpọ̀ nínú aṣọ dídán tí wọ́n wọ̀ fún un. Bí ohùn gìtá bá lọ sókè, ọwọ́ tirẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, òun á ṣì máa ta. Àwọn èèyàn ń pariwo, "Bọ̀dá onígìtá, o ṣe é!" Ẹni tó ń ya fídíò ń sún mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ràn orin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú lẹ fi ń gbọ́ orin ni?

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá mi tó wọlé. Ìbòrí funfun ló wọ̀, èyí tó ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún nìkan. Wọ́n fi í jókòó sẹ́yìn pátápátá, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ ife. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí orí ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Ó wo Bọ̀dá Rẹ̀mí, ó wo àwọn onílù, ó wo Dàpọ̀, ó tún padà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Mo ti rò pé á bínú, mo ti rò pé á fi mí ṣẹ̀sín, n ò rò pé á banú jẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fẹ́ dìde.

N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi orin tí a ń kọ lọ́wọ́ sílẹ̀, mo pè é.

Àṣàbí, ọmọ olódò tí kì í gbẹ. Àṣàbí, ọmọ afẹjaṣàlejò.

Ìyá tó bí ìyá mi ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Yàrá ìyá àgbà yẹn ni mo ń sùn sí nígbà tí mo wà ní kékeré, ìpè yẹn ló máa ń jí mi. Látìgbà tí ìyá àgbà ti kú, kò sẹ́ni tó tún pe ìyá mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ìyá Síkírá, àwọn mìíràn ní Ìyá Onísíméńtì.

Mo rí i tó dúró gbagidi pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo tún pè é.

Ẹ wá wo nǹkan. Dàpọ̀ ò gbọ́ ohun tí gìtá ń wí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́yìn wa tó láti mọ̀ pé ẹnì kan ni à ń kí, àti pé onígìtá gbọ́dọ̀ kọjú sí onítọ̀hún. Ta ló máa kọjú sí? Ó wo iwájú, ó rí màdáámù kan tó wọ léèsì, ọ̀rẹ́ Alága. Ló bá tẹ ọrùn gìtá rẹ̀ tí kò ní wáyà sílẹ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màdáámù náà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Oríkì ìyá mi ló ń jó sí! Kámẹ́rà sì yí sí i, iná tàn sí i lójú.

Ìyá mi kò sáré. Ó la àárín àwọn tábìlì kọjá títí ó fi dé iwájú ìtàgé. Nígbà tí Bọ̀dá Rẹ̀mí rí i bó ṣe ń bọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ìlù dákẹ́.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," ìyá mi ní, "ta lò ń kí?"

"Màmá, màdáámù wa ni mò ń kí."

"Kí lo pè wọ́n?"

Dàpọ̀ wo Bọ̀dá Rẹ̀mí. Bọ̀dá Rẹ̀mí wo ilẹ̀.

"Mo ní... mo ní kí wọ́n pẹ́ fún wa, ma."

"Irọ́ lò ń pa. Àṣàbí lo pè, èmi sì ni Àṣàbí. Ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó ti kú. Ẹnì kan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n, ọmọ mi ni. Níbo lẹ fi í sí?"

Màdáámù rọra jókòó. Mo fi ìka ta orúkọ yẹn nìkan, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: Àṣàbí. Ìyá mi tẹ̀ lé ohùn náà, ó yí sẹ́yìn sípíkà, ó sì rí mi lórí kíréètì, òógùn lójú, èéfín lára, ẹkún lójú.

"Síkírá."

"Màámi."

"Ṣé o jalè ni?"

"Rárá, Màámi."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbé ẹ pa mọ́ bí ẹrù olè? Dìde."

Mo dìde. Ó gbé kíréètì náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni Alága sáré dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa da eré rú. Ibi iṣẹ́ nìyí."

Ìyá mi gbé kíréètì sílẹ̀ kó lè ráyè fọwọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ Alága, kí ìjọba tó gba ilẹ̀ yìí tí wọ́n fi kọ́lé àjọ̀dún, oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni ibí yìí. Ibi tí o gbé sípíkà lé yẹn, mo ti wú ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ ń ti ìlú yín kó dé, ta ni nínú wa tó ní ẹ ò rẹwà, kí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn?"

Ìyá mi gbé kíréètì rẹ̀, ó sì lọ gbé e kalẹ̀ síwájú, ní àárín gbùngbùn, níbi tí iná kámẹ́rà wà. Dàpọ̀ ti bọ́ gìtá lọ́rùn, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ń wí pé, "Màmá, wọ́n rán mi ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, n ò bínú sí i. Òun náà ló fa wáyà mi wá síwájú.

Ìyá mi dúró níwájú mi. Ó ní, "Ó yá, pè mí báyìí."

Mo tẹ ọrùn gìtá sílẹ̀ fún un, mo pè é, kedere. Ó jó. Kì í ṣe ijó púpọ̀, èjìká nìkan ló ń mì, ojú rẹ̀ le bí ẹni tó ń bá oníbàárà jiyàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń fọ ife, ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Alága ní kí ẹgbẹ́ wa má ṣe padà wá mọ́. Bọ̀dá Rẹ̀mí bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, a sì rí ibòmíràn ní Amúwo. Bọ̀dá Rẹ̀mí náà bẹ̀ mí. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mo sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá tún fi ọwọ́ mi ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ta lídì lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà mo ti rí oríṣiríṣi. Mo ti rí eré tí wọ́n to gìtá síwájú bí òdòdó, tó jẹ́ pé orin inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbọ́. Mo ti rí akọrin tó ń ya ẹnu lásán. Àwọn èrò á sanwó wọlé, wọ́n á tún máa pàtẹ́wọ́. Ìwà jìbìtì ni, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní fàájì, èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá mi, nítorí ẹ̀jẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo gbé gìtá sẹ́yìn, n ò lè wo ojú rẹ̀.

"Màámi," mo ní, "ẹ ti rí i. Ṣé kí n gbé e sílẹ̀?"

"Ariwo yẹn ti pọ̀ jù. Orí ń fọ́ mi." Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e sílẹ̀, ta ló máa máa pè mí?"

Ó wá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó ti ìsọ̀. Títí tó fi kú, kò fi ìgbà kan sọ fún mi pé gìtá dùn, kò sì bi mí rí bóyá eré dára, bóyá èrò pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo bá wá kúnlẹ̀ kí i.

"Síkírá, níbo lo jókòó sí lánàá?"

"Iwájú ni, Màámi."

"Ó dáa. Lọ wá nǹkan jẹ."